Omi Kì í Bèèrè Ìlú Ẹni

Mo kí gbogbo àwọn tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ láti ìgbà tí ìwé ìròyìn wa ti jáde kẹ́yìn. Ẹ kú ewu ọmọ. Olúwa yóò wò wọ́n, yóò sì dá wọn sí fún wa. Orúkọ wọn wà ní ojú ewé ìròyìn ìdílé, ẹ ṣí i kí ẹ bá wọn yọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tuntun wọ̀nyí gan-an ni mo fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n n óò gba ọ̀nà tó jìn díẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Ẹ fi ara balẹ̀ bá mi kálọ.

Àwọn àgbà wa tí wọ́n fẹ́ràn sinimá nígbà èwe wọn yóò rántí Tarzan, òyìnbó tí ń fi okùn fò láti orí igi kan dé òmíràn, tí ń ké igbe tó ń mú igbó mì, tí ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ṣe Tarzan, ṣùgbọ́n ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Johnny Weissmuller. Sinimá 12 ni ó fi ṣe é láàrin ọdún 1932 sí 1948. Áfíríkà tí wọ́n fi hàn nínú sinimá náà kì í ṣe Áfíríkà tí ẹnikẹ́ni nínú wa mọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí kì í ṣe eré nínú sinimá náà ni ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ọkùnrin yìí tó di òṣèré, òun ni òmùwẹ̀ tí kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ayé. Àtìpó sì ni, ọmọ àtìpó, bí àwa náà ti jẹ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Júùnù 1904 ni wọ́n bí i ní Freidorf, abúlé kan lẹ́bàá ìlú Timișoara. Nígbà náà, abẹ́ ìjọba Austria òun Hungary ni ibẹ̀ wà. Lónìí, ilẹ̀ Romania ni. Ṣùgbọ́n èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ nínú ilé wọn, nítorí pé àwọn baba ńlá wọn ti ṣí láti ilẹ̀ Jámánì wá dó síbẹ̀ ní ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́jọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ fi tún di ẹrù wọn, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì gúnlẹ̀ sí New York ní oṣù Jánúárì 1905. Bàbá rẹ̀ lọ ń wa èédú nínú ilẹ̀ ní ìlú kan tí ń jẹ́ Windber, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Peter, ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ̀gbọ́n ni a bí sí òkè òkun, àbúrò ni a bí sí Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa yóò padà sí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó lọ sí Chicago, ìlú ńlá tó wà létí adágún Michigan. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ṣe é ní kékeré, tí dókítà sì ní kí ó máa lúwẹ̀ẹ́ kí ara rẹ̀ lè le. Kò pẹ́ ní ilé ìwé. Ó di ọmọ iṣẹ́ ní ilé ìtura kan, ó ń jíṣẹ́ fún àwọn àlejò, ó sì ń darí ẹ̀rọ tí ń gbé wọn lọ sí òkè ilé. Ẹ̀yin náà mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní ilẹ̀ àti ojúlùmọ̀ nínú ìlú sábà máa ń kọ́kọ́ rí.

Olùkọ́ kan tí ń jẹ́ William Bachrach, ní ẹgbẹ́ eré ìdárayá Illinois Athletic Club, ni ó rí i tí ó sì mú un. Bachrach kò jẹ́ kí ó yára bá ẹnikẹ́ni díje. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó fi ń tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe, tí ó ń tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, tí ó ń kọ́ ọ bí a ti ń mí. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1921 ni ó tó jẹ́ kí ó jáde sí gbangba. Ọjọ́ tí ó jáde náà ni ó borí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré yìí díẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Oríṣi méjì ni Weissmuller mọ̀ dunjú. Èkíní ni èyí tí òfin rẹ̀ ní kí olúkúlùkù lúwẹ̀ẹ́ bó ti wù ú. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé kí a dojú bolẹ̀, kí a máa ju apá síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa fi ẹsẹ̀ gbá omi ni ó yá jù, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe é. Èkejì ni èyí tí a ń fi ẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́. Nínú èyí, òmùwẹ̀ kì í bẹ́ láti òkè. Inú omi ni yóò wà, yóò di etí adágún mú, yóò sì ti ara rẹ̀ sẹ́yìn, yóò kọjú sí ojú ọ̀run. Mímí kò ṣòro fún un, nítorí imú rẹ̀ wà lókè omi, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí ó ń lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi máa ń ta àwọn àsíá kéékèèké sókè adágún ní mítà 5 sí ògiri, kí ó lè mọ̀ pé òun ti fẹ́ẹ̀ dé, kí ó má baà fi orí sọ ògiri.

Bí Weissmuller bá dojú bolẹ̀, ó máa ń gbé orí àti àyà rẹ̀ ga lórí omi bí ọkọ̀ tí ń sáré, ó sì máa ń yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ láti mí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Júláì 1922, ní Alameda ní ìpínlẹ̀ California, ó lúwẹ̀ẹ́ 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 58.6. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀dá tí a mọ̀ tí ó ṣe é kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Duke Kahanamoku, ọmọ erékùṣù Hawaii, tí ó ti gba góòlù ní Òlíńpíìkì 1912 àti ti 1920, ni àkọsílẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Fẹ́búárì 1924, Weissmuller tún sọ ọ́ di 57.4. Ó gba àkọsílẹ̀ ayé nínú ìfẹ̀yìn-lúwẹ̀ẹ́ 150 yáàdì pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni kò borí rẹ̀ rí nínú ìdíje bó-ti-wù-ú ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń díje láìgba owó. Lóòótọ́, ayé ti sáré kọjá rẹ̀: ní 2022, Thomas Ceccon ti ilẹ̀ Italy fi ẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́ 100 mítà ní 51.60, ìyẹn ni pé ẹni tí kò rí iwájú rẹ̀ yá ju Weissmuller tí ó dojú bolẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè tẹ̀ lé e.

Nígbà náà ni ọdún 1924 dé, ọdún Òlíńpíìkì ní Paris. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kò sí ẹni tí Amẹ́ríkà tún lè rán lọ bí kò ṣe òun. Àwọn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé: ǹjẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lóòótọ́? Níbo ni wọ́n bí i sí? Ẹ wò ó bí ayé ti rí. Nígbà tí ó ń gbé àlejò lọ sókè nínú ilé ìtura, ẹnikẹ́ni kò béèrè ibi tí wọ́n bí i sí. Ọjọ́ tí ó di ẹni ńlá ni ìbéèrè dé.

Ìdáhùn tí ìdílé náà fún wọn ni pé Windber ni wọ́n bí i sí. Ìwé tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn, ti àbúrò rẹ̀ ni. Nínú ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Windber, orúkọ Peter ni ó wà níbẹ̀. Ẹnì kan sì ti fi orúkọ John há a láàrin, tí yíǹkì rẹ̀ àti ọwọ́ tí ó kọ ọ́ kò jọ ti àkọ́kọ́. Ìwé yìí ni ó fi gba ìwé ìrìnnà. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀gbọ́n di ẹni tí a bí sí Amẹ́ríkà, àbúrò tí a bí sí Amẹ́ríkà ní tòótọ́ sì di ẹni tí wọ́n ní a bí sí òkè òkun.

Ó lọ sí Paris. Ní adágún Tourelles, tí ó gùn ní mítà 50, ó gba góòlù nínú 100 mítà. Duke Kahanamoku, ẹni ọdún 33, ṣe ìkejì, àbúrò Duke tí ń jẹ́ Sam sì ṣe ìkẹta. Ó gba góòlù nínú 400 mítà, níbi tí ó ti borí Arne Borg ti ilẹ̀ Sweden. Ó gba ẹ̀kẹta pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta nínú ìdíje àfiléra-ẹni-lọ́wọ́ 800 mítà, wọ́n sì tún fún un ní idẹ nínú eré bọ́ọ̀lù inú omi. Ní Amsterdam ní 1928, ó tún gba góòlù méjì sí i. Góòlù márùn-ún ni gbogbo rẹ̀, tí àsíá Amẹ́ríkà gòkè nítorí ọmọ àtìpó.

Láàrin Òlíńpíìkì méjèèjì yìí, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mo kà sí pàtàkì ju góòlù lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Júláì 1927, ìjì dé bá ọkọ̀ èrò kan tí ń jẹ́ Favorite lórí adágún Michigan, nítòsí Chicago, ó sì dojú dé. Weissmuller àti Peter àbúrò rẹ̀ wà nítòsí ibẹ̀, wọ́n ń ṣe ìdánrawò. Àwọn méjèèjì bẹ́ sínú omi, wọ́n ń rì, wọ́n ń yọ, wọ́n sì gba ènìyàn 11 là. Ènìyàn 27 ni ó kú ní ọjọ́ náà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Nínú omi yẹn, ta ni ó béèrè nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà pé èwo ni a bí sí Freidorf, èwo ni a bí sí Windber? Omi kì í bèèrè ìlú ẹni. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni yóò là á kọjá.

Ṣùgbọ́n ènìyàn a máa bèèrè. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí. Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni nínú omi, ìwé kékeré kan wà lórí ilẹ̀ tí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò dáadáa. Ó di olókìkí, ó di olówó, orúkọ rẹ̀ kárí ayé, síbẹ̀ kò lè sọ ní gbangba pé, "Freidorf ni wọ́n ti bí mi." Ó kú ní Acapulco ní ilẹ̀ Mexico ní oṣù Jánúárì 1984. Ibi tí a ti bí i kò farasin títí; àwọn tí ń wádìí ìwé tú u jáde, ọmọ rẹ̀ náà sì kọ ìwé nípa bàbá rẹ̀ ní 2002. N kò sọ̀rọ̀ yìí láti bú òkú. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé, ìyá rẹ̀ kò sì lówó. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn òbí tí ń ṣí kiri kò ní ìwé tí ó gún lọ́wọ́, ọmọ ni ó sì ru ẹrù rẹ̀ títí dé ibojì.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. A ti rí irú èyí rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Nòfẹ́ńbà 1969, ìjọba ilẹ̀ Gánà fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n wá a tàbí kí wọ́n jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Èjìgbò, tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ayé àwọn bàbá wọn, ni ó fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Kumasi, tí èdè Twi yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, bá wọn wá sí ìlú tí wọn kò rí rí. Kì í ṣe pé wọn kò ṣiṣẹ́, kì í ṣe pé wọ́n jalè. Ìwé ni wọn kò ní.

Níhìn-ín ní Òkè Ọya, ilẹ̀ Nàìjíríà kan náà ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè ní kí a jáde. Ojú irin dé Kánò ní 1911, àwọn ènìyàn wa sì tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn di ará Jọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn di ará Sààríà àti Kàdúná. Ọmọ wa, ọmọ ọmọ wa, ibí ni a bí wọn sí. Síbẹ̀, jẹ́ kí ọmọ náà ṣe dáadáa ní ilé ìwé, kí ó fẹ́ wọ yunifásítì tàbí iṣẹ́ ìjọba, fọ́ọ̀mù yóò béèrè pé: ìpínlẹ̀ wo ni o ti wá? Ìjọba ìbílẹ̀ wo? A óò ní kí ó lọ gba ìwé láti ìlú bàbá rẹ̀, ìlú tí ó lè jẹ́ pé ìgbà kan ṣoṣo ni ó dé ibẹ̀, nígbà ìsìnkú bàbá àgbà. Bí ìwé ìbí rẹ̀ kò bá sí, tàbí tí orúkọ inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé ìwé, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àwọn kan ti ń gba òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n yá ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n, tàbí kí wọ́n dín ọjọ́ orí kù. Ẹ má ṣe é o.

Iṣẹ́ ìwé ni mo ń ṣe ní rélùwéè, mo sì mọ ohun tí mo ń wí. Bí ẹrù bá dé stéṣọ̀n, tí orúkọ ẹlòmíràn wà nínú ìwé rẹ̀, kò sí bí o ti lè búra tó pé ìwọ ni o ni ín, a kò ní í gbé e fún ọ. Ọmọ tí a fi ìwé ọmọ ẹlòmíràn rán jáde kò yàtọ̀. Ẹni tí ó yá ni níwèé náà, kí ni òun yóò fi ṣe ẹ̀rí ara rẹ̀ lọ́la? Ẹ rántí Peter.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí orúkọ ọmọ yín wà ní ojú ewé ìròyìn ìdílé wa, inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ kì í ṣe ìwé ìjọba. Òfin ọdún 1992 sọ ọ́ di dandan pé kí a forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn. Ẹ tètè lọ, kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé, ẹ ka ohun tí ó kọ. Ẹ wo bí ó ti kọ orúkọ ọmọ, nítorí akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá lè sọ Adébáyọ̀ di ohun mìíràn. Ẹ wo ọjọ́ ìbí. Ẹ wo ìlú tí a bí i sí, kí ó jẹ́ ibi tí a bí i sí gan-an. Kò sí ìtìjú kankan nínú kí a bí ọmọ Yorùbá sí Kánò. Ẹ wo orúkọ bàbá àti ti ìyá. Bí ẹ ti kọ ọ́ níbẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ ní ilé ìwé, kí ẹ má fi lẹ́tà kan kún un, kí ẹ má yọ ọ̀kan kúrò. Ẹ fi èyí tí ó jẹ́ ojúlówó pamọ́ sílé, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹbí nílé.

Kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti dàgbà láìní ìwé má sì rò pé ó ti bọ́. Òbí tí ó bá wà láàyè ni kí ó bá ọmọ rẹ̀ lọ béèrè ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é, nígbà tí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí a bí i ṣì wà tí ó lè jẹ́rìí.

Bí ẹ bá sì ní àǹfààní rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́, ní ibi tí àgbà wà. A kò mọ ọjọ́ tí yóò wúlò fún wọn, tàbí fún ọmọ ọlọ́mọ.

Kí Olúwa jẹ́ kí ọmọ wa ju wá lọ, kí ó má sì jẹ́ kí ohun tí a kò ṣe lónìí di ẹrù lórí wọn lọ́la. Ó di ìgbà mìíràn.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ojú Irin